Ẹ̀rọ Ìgbẹṣọ Ń Yí, Kò Gbóná: Iṣẹ́ Wo Ni Fíúsì Ooru Ń Jẹ́?

Òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe tí àjọ EU ṣe lọ́dún 2024 fi ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2026 ṣe gbèdéke fún àwọn orílẹ̀-èdè EU láti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ wà lára ẹrù ilé tí òfin náà kàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìbàjẹ́ nínú ẹ̀rọ yìí, nígbà mìíràn, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ẹ̀rọ ń yí, ó ń kùn, síbẹ̀ aṣọ inú rẹ̀ ṣì rin gbindin. Fíúsì ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe irú fíúsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì o: ooru àpọ̀jù ló ń já tiẹ̀. Nínú oríṣi kan, nǹkan líle bíńtín wà nínú rẹ̀ tó ń yọ́ bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n. Bó ṣe yọ́, sípíríìnì á ya ojú iná nípá. Tó bá ti já, ó já nìyẹn, kò ṣeé dá padà. Bó bá já nínú ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ ní yí mọ́ rárá.

Èérún òwú tó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló sábà ń fa ooru àpọ̀jù yìí. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíúsì láìkó èérún kúrò, á tún ra òmíràn láìpẹ́. Ti ẹni tó fi wáyà so ó pọ̀ ló burú jù, torí èérún gbígbẹ kì í pẹ́ gbiná. Inú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ni iná tó jó ilé alájà púpọ̀ kan ní Shepherd's Bush, ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù Kẹjọ ọdún 2016, ti bẹ̀rẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀ díẹ̀. Fólítì 240 ni ohun tó ń mú ẹ̀rọ gbóná ń lò, 120 péré sì ni mọ́tò tó ń yí i sábà ń lò. Bí ìdajì iná bá lọ ní bíréékà, ẹ̀rọ á ṣì máa yí ní tútù. Nítorí náà, kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ pa bíréékà pátápátá, kí ẹ sì tún tàn án. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wá fi mítà yẹ fíúsì wò.

Láti oṣù Keje ọdún 2025, ẹ̀rọ ìgbẹṣọ tuntun tó ń wọ ọjà EU jẹ́ èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti gáàsì bíi ti fíríìjì. Lójú tèmi, ìgbà tí òfin gba àtúnṣe láàyè gan-an ni ẹ̀rọ ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ní sikirudírẹ́fà lásán nílé; bóyá bí owó iṣẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe kò bá wọ́n jù ni òfin náà máa tó wúlò.