Àwọn Ìbejì Líjàdù: Ohùn Méjì Tó Dún Nígbà Dísíkò

Lọ́dún 1977 tí Cerrone, olórin dísíkò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé àwo Supernature jáde, tí dísíkò sì gbòde kan káàkiri Yúróòpù, àwọn ìbejì kan gbé àwo tiwọn náà jáde ní Nàìjíríà. Mother Africa ni wọ́n pè é. Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù fúnra wọn ló ń kọ orin wọn, àwọn náà ló sì ń lé e.

Ìlú Jos ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1948, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Ẹbí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni wọ́n. Nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1972, wọ́n bá Ginger Baker, gbajúmọ̀ onílù ará Ìlú Ọba, lọ kọrin ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1976 sí 1979. Àwo mẹ́rin ló jáde lábẹ́ Afrodisia, ẹ̀ka iléeṣẹ́ Decca: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Biddy Wright, tó mọ oríṣiríṣi ohun èlò lò, ló ń bá wọn to orin wọn. Gbọ́ Life's Gone Down Low nínú Danger: gìtá ń jó, ohùn méjèèjì wọ ara wọn débi pé o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Táíwò, èyí tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé, bẹ́ẹ̀ ìnira mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń sọ. Ní Horizon Unlimited, dùndún pàdé dùùrù oníná, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sì jọ ń rìn. Lójú tèmi, èyí ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ má gbàgbé pé lásìkò yẹn, ẹ̀yìn ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń gbe orin, tàbí kí wọ́n máa jó. Àwọn wọ̀nyí dúró níwájú.

Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Kẹ́hìndé ṣubú lọ́dún 1996, ó sì fi eegun ẹ̀yìn ṣèṣe. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún bọ́ sórí ìtàgé. Orin wọn kò dákẹ́ ní tirẹ̀: Nas, olórin ráàpù, mú nínú Life's Gone Down Low ṣe tiẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ìbejì náà sọ ọ́ léraléra pé owó iṣẹ́ wọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Ó dùn mí púpọ̀. Nígbà tó yá, Knitting Factory Records tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí àwo náà kọ́kọ́ jáde sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri.

Kẹ́hìndé dágbére fáyé ní ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 71. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo wọn àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ọ.