Dọ́là Wọ Ìkòkò Ìkọ́kọrẹ́!

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò dọ́là n'Íjẹ̀bú-Òde, kó kọ́kọ́ wo ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Oko ni ewùrà ti wá, ṣùgbọ́n òkòpórókò táwọn kan ń fi sí i, láti Norway ni; owó òkèèrè ni wọ́n fi rà á. Ní September 1986, tí ọjà SFEM bẹ̀rẹ̀, dọ́là tí kò tó náírà méjì kọjá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Iye méjì ni dọ́là ní o! Ká ní wọ́n ń tà á ní ₦1,520, wọ́n lè máa rà á ní ₦1,500. Ìyá aláṣọ tó ra ọgọ́rùn-ún dọ́là láàárọ̀, tó tà á lọ́sàn-án, ₦2,000 ti wọgbó. Owó ẹja nìyẹn!

Ti orí fóònù tún le: wọ́n á yá a lówó kún tiẹ̀. Bí dọ́là bá yí díẹ̀ báyìí, owó àjọ ti lọ.