Bí A Ṣe Ń Ya Iwin Sínú Géèmù

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ní kí ọmọ iléèwé ya iwin, kíá ni yóò fi ìwo kún ìwo, tí yóò fi eyín kún eyín, títí ìwé yóò fi kún. Lójú tirẹ̀, bí ẹ̀yà ara iwin bá ti pọ̀ tó ni ẹ̀rù rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Àwọn tí ń ya iwin fún eré orí ẹ̀rọ tí à ń pè ní géèmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1986, Yuji Horii àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé géèmù kan jáde ní ilẹ̀ Japan, Dragon Quest ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ Famicom, tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ẹ̀rọ yìí, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ ni a ń tò jọ di àwòrán, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára adé. Ẹyọ 8 ní ìbú, 8 ní òró, ni abala kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ tí abala kan sì lè gbà kò ju 3 lọ, yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Horii ti rí iwin kan nínú Wizardry, géèmù àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọdún 1981: ohun rírọ̀ tí ń fà bí ọbẹ̀ ilá, tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀. Òun náà ya irú rẹ̀ bí òkìtì ẹrẹ̀, ó sì gbé e fún Akira Toriyama, ayàwòrán ìtàn Dragon Ball. Toriyama sọ òkìtì náà di ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, aláwọ̀ búlúù, tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ó fún un ní ojú ròbótó méjì àti ẹnu gbọọrọ tí ń rẹ́rìn-ín. Ó parí. Bí a bá fi ẹyọ wẹ́wẹ́ to òkìtì ẹrẹ̀, àbàwọ́n lásán ni yóò jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fojú kan ẹ̀kán omi yìí lẹ́ẹ̀kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò dá a mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ dínkù, mo gbà, àdánù díẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n òun ni iwin tí ó rọ̀ jù lọ láti ṣẹ́gun, kò sì yẹ kí ó lé ọmọdé sá. Wọ́n tilẹ̀ pa àwọ̀ rẹ̀ dà sí pupa nínú géèmù kan náà, ó di iwin mìíràn. Nígbà tí Dragon Quest kẹjọ jáde ní 2004, tí ẹ̀rọ ti lágbára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀.

Bí ọ̀dọ́ wa kan bá wá fẹ́ gbé Àgbákò wọ irú ààyè tóóró bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà fi ojú 16 yí orí rẹ̀ ká, ó dé e ní fìlà irin, ó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù idẹ. Gbogbo rẹ̀ kò ní gbà. Bí ọ̀dọ́ náà bá dín ojú kù sí méjì kí àwòrán lè mọ́, ọkùnrin onífìlà kan ni ó yà yẹn. Ní tèmi, fìlà àti ẹ̀wù ni ǹ bá bọ́ sílẹ̀, kí n fi gbogbo ààyè náà fún ojú.