Ẹ̀kọ́ Ìdí Atẹ Ẹ̀wà

Bí abiyamọ bá da ẹ̀wà sínú atẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó jókòó sórí àpótí láti máa ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin yóò fi rìn wá síbẹ̀, tí yóò sì ti ọwọ́ bọ inú atẹ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa yára sọ pé, "Kúrò níbẹ̀, má bà mí níṣẹ́ jẹ́," a ó sì lé e lọ síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Bí ó bá sì di ọ̀sán, àwa kan náà ni yóò fà á jókòó tìwé, tí a ó máa fi pàṣán gbá tábìlì, pé kí ó ka ení, èjì, ẹ̀ta fún wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú atẹ tí a lé e kúrò nídìí rẹ̀ ni ení àti èjì náà wà lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí ó ṣeé fọwọ́ bà, tí ó ṣeé kó jọ, tí ó sì ṣeé tú ká.

Nígbà tí àwọn baba wa wí pé ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọ̀rọ̀ náà ju ti aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ń ṣa ẹ̀wà ń wò, ó ń yà sọ́tọ̀, ó sì ń dájọ́: èyí pé, èyí ti lu, èyí jọ èyí, tọ̀hún kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e, tí ó fi ń mú wóró kéékèèké wọ̀nyí, ni yóò fi di pẹ́ńsù mú lọ́la. Bí a bá wá rẹ ẹ̀wà náà sómi láti bó o fún àkàrà, tí a fọwọ́ ra á títí tí èèpo fi ṣí, yóò rí i pé èèpo a máa léfòó, ẹ̀wà a sì máa rì sísàlẹ̀. Yóò béèrè ìdí. Kí ìyá má ṣe kánjú fèsì; kí ó bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, kí ni o rò pé ó fà á?" Èsì rẹ̀ lè pa ni lẹ́rìn-ín, ó lè ní ó ti rẹ ẹ̀wà, ó lọ sùn ni, ṣùgbọ́n ìrònú ni. Kí wọ́n ju ewé, ṣíbí, òkúta wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò sínú omi kan náà, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ èyí tí yóò rì kí wọ́n tó jù ú.

Onímọ̀ kan, Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tí a bí ní 1896, tí ó sì kú ní 1980, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti wo bí èwe ti ń ronú, àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá sì wà lára àwọn tí ó wò. Ó rí i pé bí a bá bu omi sínú ife méjì tí ó dọ́gba, tí ọmọ ọlọ́dún márùn-ún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n, tí a sì wá da ọ̀kan sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ gíga lójú rẹ̀ kòrókòró, ọmọ náà sábà máa ń ní ti inú ife gíga ló pọ̀ jù. Kì í ṣe agọ̀; ojú ni ó fi ń wọ̀n, ọkàn rẹ̀ kò tíì lè dá omi náà padà sínú ife tí ó ti wá. Kí a má sì fi í ṣẹ̀sín, nítorí mélòó nínú àwa àgbà ni kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kò tíì tàn jẹ rí lọ́jà gàrí? Ìwàásù kọ́ ni yóò là á lójú, bí kò ṣe pé kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu gàrí láti inú abọ́ sínú ife, láti inú ife sínú agolo, kí ó dà á padà, kí ó tún un bù, lọ́jọ́ púpọ̀, títí yóò fi yé e fúnra rẹ̀. Díẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Ìgbálẹ̀ wà nílé.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò ní ju eré ọwọ́ lọ bí ẹnu bá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ sí iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ gan-an: ó kún, ó ṣẹ́ kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, bù ú lé e, yọ díẹ̀ kúrò. Èdè tí ìyá mọ̀ dájú ni kí ó sì fi sọ ọ́. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ipò Yorùbá lẹ́nu wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ta yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìdí nìyí tí òbí tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì àgbọ́ká bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀ nídìí ààrò fi máa ń ṣe mí ní kàyéfì.

Òǹkà tiwa náà, ìṣirò ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí bàbá kó ogún ọsàn sílẹ̀, kí ó ní kí ọmọ mú mẹ́rin kúrò, kí wọ́n sì jọ ka èyí tí ó kù: mẹ́rìndínlógún ni. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, orí ẹ̀wá ni à ń rò lé. Bí a bá ti dé márùndínlógún, ogún ni a ó kọjú sí, tí a ó máa wo ohun tí ó dín. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ ṣe èyí lójú ọsàn ti mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò kí olùkọ́ tó kọ àmì wọn sójú pátákó.

Iṣẹ́ rírán náà ní tirẹ̀. "Àjọkẹ́, lọ bá ìyá àgbà ní yàrá, kí wọn, kí o sọ pé mo ní kí wọ́n fún ọ ní ṣíbí méjì àti abọ́ kékeré kan": ìkíni, iye àti títò ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra ni a dì lé ọmọ lọ́wọ́ yẹn. Ìyá àgbà náà kò sì ní ṣàìfi oríkì gbà á, kí ó bá a dé orílẹ̀, ìbáà ṣe Ọ̀kín, ìbáà ṣe Erin. Orí ọmọ yóò wú, etí rẹ̀ yóò sì mú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé alífábẹ́ẹ̀tì kankan.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà kí epo gbígbóná, omi híhó àti ọ̀bẹ mímú jìnnà sí i. Mo sì fẹ́ sọ èyí ní gbangba: ọmọ tí a gbé igbá karí, tí ó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀ lójú títì, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni a ń kọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ti àwọn bàbá, nídìí ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá ni, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ni kí ó máa pín in. Bí ihò kan bá ní mẹ́ta, yóò wá ihò tí ó ní márùn-ún fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ka sí i. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, kí a máa bi í kí ó tó gbé ọmọ ayò pé, "Ibo ni ìkẹyìn yóò bọ́ sí?" Bí gbogbo rẹ̀ bá sì tán lójú ọpọ́n, tí bàbá ti jẹ 29, kí ó ka tirẹ̀ síta, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì bo èyí tí ọmọ jẹ, kí ó ní kí ó sọ iye tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ òun. Bí ó bá dáhùn pé mọ́kàndínlógún, òun ni kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀tà tí ó kàn.