Agbára Oòrùn: Bí Ènìyàn Ṣe Mọ̀ Ọ́n àti Bí Ó Ṣe Ń Lò Ó

Kò sí ìran kan lábẹ́ ọ̀run tí kò mọ oòrùn lò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ sólà rárá ni àgbẹ̀ ti ń sá kòkó sí orí ẹní, tí àwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́ sí orí àpáta, tí aláró sì ti ń sá àdìrẹ sí orí okùn. Iṣẹ́ tí ìbá ná wọn ní igi ìdáná rẹpẹtẹ ni oòrùn ń bá wọn ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ nǹkan lò, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ìbéèrè méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi olùkọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé, kí ni ó ń jó lára oòrùn tí kò fi jó tán? Èkejì ni pé, báwo ni ìtànṣán tí ń gbẹ èlùbọ́ ṣe ń di iná mànàmáná tí ń tan gílóòbù, tí ó sì ń fa omi jáde nínú kànga? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gba àwọn onímọ̀ kí wọ́n tó rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì. Ẹni tí kò bá sì mọ ìdáhùn náà lónìí lè fi owó ńlá ra ohun tí kò ní bá a yanjú ìṣòro rẹ̀.

Bí oòrùn ti tóbi tó kọjá ohun tí ojú lásán lè mọ̀. Nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà ni ó fi jìnnà sí ilé ayé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kí ó tó dé ibí. Bí a bá to ilé ayé 109 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìgbà náà ni wọn yóò tó ìbú oòrùn. Ojú rẹ̀ gbóná tó 5,500 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àárín rẹ̀ gbùngbùn sì gbóná tó mílíọ̀nù 15 dígírì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ ṣírò pé bí ó bá jẹ́ pé èédú ni ó ń jó níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀ ni ìbá fi jó tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta inú ilẹ̀ ń jẹ́rìí pé ilé ayé ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lónìí, ó ti hàn gbangba pé oòrùn ti lò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún lọ. Nítorí náà, iná oòrùn kì í ṣe ẹgbẹ́ iná inú ààrò.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ohun tí oòrùn jẹ́ ní tòótọ́ ni Cecilia Payne. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n Yunifásítì Cambridge kì í fún obìnrin ní oyè ní ayé ìgbà náà. Ìdí nìyí tí ó fi kọjá sí Amẹ́ríkà láti ṣe ìwádìí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti ìràwọ̀ wò, nígbà tí a bá ti là á sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè, nítorí pé ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú iná ni ó máa ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ lára àwọ̀ wọ̀nyí. Ní 1925, ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé háídírójìn, gáàsì tí ó fúyẹ́ jù lọ, ni ó pọ̀ jù lára oòrùn. Èrò àwọn àgbà onímọ̀ nígbà náà ni pé ohun tí ó wà lára ilẹ̀ náà ni ó wà lára oòrùn, àti pé ooru nìkan ni ó fi yàtọ̀. Henry Norris Russell, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Payne fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó dà bí ẹni pé àbájáde náà kì í ṣe òótọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Russell gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà, ó sì jẹ́wọ́ pé obìnrin náà ni ó ti kọ́kọ́ débẹ̀. Òwe àwọn àgbà tí ó ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè ṣẹ sí Russell lára, nítorí pé nígbà tí ẹ̀rí dé, kò fi ipò bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a ti mọ̀ pé háídírójìn ni, ọ̀nà là. Ní 1939, Hans Bethe ṣàlàyé bí iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ooru àti ìfúnpá àárín oòrùn, kókó átọ́ọ̀mù háídírójìn mẹ́rin a máa para pọ̀ di kókó hílíọ̀mù kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé hílíọ̀mù yìí lé òṣùwọ̀n, kò ní wúwo tó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó para pọ̀ dá a. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó dín yẹn ni ó di agbára. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù háídírójìn ni ó ń yí padà nínú oòrùn, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ a sì di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Síbẹ̀, èyí tí ó kù tó láti tàn fún bílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí i.

Àwọn kan lè béèrè pé, ta ni ó dé inú oòrùn lọ rí i? Kò sí. Ṣùgbọ́n iná náà ní ohun wẹ́wẹ́ kan tí ó máa ń tú jáde, tí a ń pè ní niutríínò, èyí tí ń la ohun gbogbo kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níwájú rẹ̀. Raymond Davis gbé àgbá ńlá kan sí ìsàlẹ̀ ibi ìwakùsà wúrà ní South Dakota, ó sì rọ nǹkan bí 380,000 lítà omi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ aṣọ kún un, kí ó lè mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn. Ìdámẹ́ta iye tí ìṣirò wí ni ó ń rí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àríyànjiyàn bóyá ìṣirò ni ó kù díẹ̀ káàtó tàbí àgbá náà. Ní 2001 àti 2002, ibùdó ìwádìí Sudbury ní Kánádà fi hàn pé kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú méjèèjì: ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ nínú niutríínò wọ̀nyí ti ń para dà di irú mìíràn tí àgbá Davis kò lè mú. Davis gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún.

Ọ̀rọ̀ dórí ìbéèrè kejì. Ní 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Edmond Becquerel, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè fa agbára mànàmáná jáde lára irin tí a rì sínú omi oògùn. Ó di 1954 kí àwọn òṣìṣẹ́ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, Chapin, Fuller àti Pearson, tó ṣe awo sólà tí ó wúlò. Sílíkọ̀nì ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí a ń yọ láti ara iyanrìn. Ìpele méjì ni awo náà ní, a sì ti po èròjà tí ó yàtọ̀ síra mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí rẹ̀, yóò ta àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní ibùjókòó wọn. Ààlà tí ó wà láàrin ìpele méjèèjì kò sì jẹ́ kí wọ́n rìn ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Ìrìn ọlọ́nà kan yìí ni iná mànàmáná. Ìdá 6 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí awo àkọ́kọ́ náà ni ó di iná. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: awo tí ó wà lọ́jà lónìí ti ń sọ ju ìdá 20 lọ di iná. Ní 1976, owó wáàtì kan lé ní 100 dọ́là, bí a bá fi owó òde òní ṣírò. Ó ti dín sí ohun tí kò tó ìdajì dọ́là, nítorí pé bí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é ti ń pọ̀ sí i, pàápàá ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà kò gbẹ́yìn nínú ìtàn yìí. Ní 1913, Frank Shuman, ará Amẹ́ríkà, to dígí gbọọrọ márùn-ún sí Maadi lẹ́bàá Cairo, ó fi ooru oòrùn hó omi, ọwọ́ọ̀fù rẹ̀ sì ń fa omi odò Náílì sí oko. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ni ó dá iṣẹ́ náà dúró. Ní Niamey, Abdou Moumouni, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, darí ilé iṣẹ́ ìwádìí agbára oòrùn. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì ìlú náà ń jẹ́ lónìí. Ní agbègbè Kalalé ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, láti 2007 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé kan ti ń fi sólà fa omi sí oko ẹ̀fọ́ wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò ra bátìrì rárá. Bí oòrùn bá ti ń ràn, omi a máa gòkè sínú táńkì. Bí ó bá wọ̀, omi a máa kán wá sí ìdí ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀. Táńkì omi ni bátìrì wọn.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé ilé. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ìdílé àti ilé ẹ̀kọ́ ni owó epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá agbára wọn, tí wọ́n sì ti yíjú sí sólà. Ọ̀pọ̀ ni ó dùn mọ́. Àwọn mìíràn sì ń kígbe pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Nígbà mìíràn, ìṣirò ni a kò ṣe. Ní ọ̀sán gangan, nǹkan bí 1,000 wáàtì ni ó ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó. Awo tí ń lo ìdá 20 rẹ̀ yóò mú 200 wáàtì wá. Bí oòrùn bá ràn dáradára fún wákàtí mẹ́rin, 800 ni àpapọ̀ rẹ̀. Èyí tó láti tan gílóòbù oníwáàtì mẹ́wàá mẹ́jọ fún wákàtí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 kan ṣoṣo yóò jẹ ẹ́ tán kí wákàtí kan tó pé.

Ohun kejì tí ó yẹ kí olùkọ́ là yé ọmọ ni pé ìmọ́lẹ̀ ni sólà ń fẹ́, kì í ṣe ooru. Dígírì 25 ni wọ́n fi ń wọn agbára awo ní ilé iṣẹ́. Fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún. Awo tí a lẹ̀ mọ́ páànù, tí ó sì gbóná dé dígírì 65, ti sọ nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 nù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni eruku ọyẹ́ ṣe ń dí i lójú. Ẹni tí kò bá nù ún ń fi owó ara rẹ̀ ṣòfò. Bátìrì tí ó ti kú sì ní òjé nínú, èyí tí ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò yẹ kí a fọ́ ọ tàbí kí a sun ún láàrin ilé.

Ìwádìí kò tíì parí. Láti 2009, tí Tsutomu Miyasaka àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù ti fi èròjà tí ń jẹ́ perovskite ṣe awo tí ń lo ìdá 3.8 péré, irú èyí tí a fi lé orí sílíkọ̀nì ti kọjá ìdá 30 ní iyàrá ìwádìí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rinrin àti ooru tètè ń bà á jẹ́. Ní ojú ọ̀run, ọkọ̀ Parker tí Amẹ́ríkà rán lọ ní 2018 wọ inú adé oòrùn ní 2021, ó sì sún mọ́ ojú rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́fà kìlómítà ní oṣù Kejìlá 2024. Ó lọ wádìí ìdí tí adé náà fi gbóná ju mílíọ̀nù kan dígírì lọ, nígbà tí ojú oòrùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí yóò tú kókó wọ̀nyí lè wà ní yàrá ìkàwé kan lónìí, níbi tí olùkọ́ ti ń fi ẹ̀kọ́ ìṣirò, awo sólà kékeré kan àti gílóòbù kan hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ti mọ ìṣirò yìí, ẹnikẹ́ni kò ní lè ta òkùnkùn fún wọn ní orúkọ ìmọ́lẹ̀.