Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹgbẹ́ tó ń borí náà lè jẹ owó yín

Ẹgbẹ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tó yẹ ká ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Ẹ wo odds 1.25. Ẹ fi 1.25 pín 100, ẹ ó rí 80: ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kí owó yín má bàa dín. Bó bá borí lẹ́ẹ̀méje péré, tí ẹ ń fi ₦1,000 ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦8,750 ló máa padà wọlé nínú ₦10,000. Lóòótọ́, odds Leicester City láti gba ife Premier League wà ní 5000/1 kí sáà 2015/16 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn máa lé odds ńlá kiri. Ilé tẹ́tẹ́ ti ka èrè tiwọn mọ́ ọn.