Ṣé o mọ̀? Oko kòkó ọmọ Sàró

Ṣé o mọ̀ pé kòkó tí àwọn bàbá wa l'Áyébọ́dé-Èkìtì àti agbègbè Ìkọ̀lé fi rán ọmọ níléèwé kì í ṣe igi ilẹ̀ yìí? Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Potogí ló kó o láti Bùràsílì wá sí erékùṣù Príncipe ní 1822, ó gba ibẹ̀ dé São Tomé àti Fernando Po.

Ẹni tó dá oko rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá Èkó ńkọ́? Àlejò lòun náà. Sierra Leone, ìyẹn Sàró, ni wọ́n bí James Pinson Labulo Davies sí ní 1828, lọ́mọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ṣé o mọ̀ pé inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851? Ìlú yẹn kan náà ló padà wá di olówò ńlá sí. Òun ló fi £50 ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Nígbà tó yá, òwò dẹnu kọlẹ̀, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ló bá kọjú sóko n'Íjọn, lọ́nà Agége, ní nǹkan bí 1880.

Ní 1880 náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyàwó rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, ní erékùṣù Madeira. Davies mọ òpó òkúta tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ ní ìrántí rẹ̀. Ìgboro Èkó kọ́ ló mọ ọ́n sí o, Ìjọn ni! Lójú tèmi, ìyẹn sọ ohun tí oko náà jẹ́ fún un.

Ta ló wá jẹ́ kí kòkó tàn kálẹ̀? J. K. Coker, àgbẹ̀ ńlá Agége tó tún jẹ́ òpó nínú ìjọ African Church. Àwọn alágbàṣe rẹ̀ mú irúgbìn relé. Ìjọ àti kòkó jọ ń wọ̀lú ni.

Ṣé o mọ̀ pé hóró kòkó tútù kì í ta sánsán bíi ṣokoléètì? Bí wọ́n bá fọ́ èso kòkó tán, wọ́n á kó hóró funfun tó ń yọ̀ náà jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Á gbóná, omi á máa ro, á kan bí àjàrà tó ń di wáìnì, kí wọ́n tó sá a. Eèpo rẹ̀ kò ṣòfò: eérú rẹ̀ ni ti ọṣẹ dúdú.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Èkìtì tí igbó ilé kò tó fún oko kòkó ló forí lé igbó Oǹdó, wọ́n tẹ abà dó, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀.